Ẹnu Tó Kọ́kọ́ Kan Òwú

Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò fẹ́ràn nínú ìtàn yìí, kó má wá a lọ́dọ̀ Máwẹ̀yìn. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìránṣọ ọba ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó bá ti dojú kọ ohun kan, ẹni tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà lè ké títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní wẹ̀yìn wò ó.

Ohun tó dojú kọ láti ọdún mọ́kànlá ni àga kan. Àga náà kò ga. Igi rẹ̀ ti dúdú, àárín rẹ̀ sì ti jẹ wọnú bí ojú ọlọ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńlá ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún a sì jókòó sórí ẹní yí i ká, kálukú pẹ̀lú aṣọ lórí itan. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àga. Òun nìkan ló ń rán ọrùn aṣọ tí wọ́n fi ń jẹ ọba. Òun nìkan ló sì lè fọwọ́ kan ọrùn ọba fúnra rẹ̀. Ìjòyè tó bá ń wá ojúure, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà.

Ìyá Àga ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá Máwẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Máwẹ̀yìn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, obìnrin yìí ló sì pọ̀n ọ́n wá sílé ìránṣọ. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń di abẹ́rẹ́ mú. Ó tọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú àwàdà. Kí ẹni tó ń dá àpárá tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á ti dojú bolẹ̀. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì sùn dàgbà.

Máwẹ̀yìn mọ iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé e dé ẹ̀gbẹ́ àga. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan wà tó ṣáájú rẹ̀, tó lọ́mọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ibi tí iná ti jó aṣọ ayaba, wọ́n sì bá èérún aṣọ tó jó náà lábẹ́ ẹní obìnrin yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè ọwọ́ tó fi í síbẹ̀. Inú òjò ni wọ́n lé òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sí. Kí òjò náà tó dá, Máwẹ̀yìn ti fa ẹní tirẹ̀ síbi tí obìnrin náà ń jókòó.

Nígbà náà ni ọba wàjà. Wọ́n mú ọba tuntun, wọ́n sì fi ìwúyè sí ọjọ́ kọkàndínlógún. Àṣà ilé ìránṣọ ni pé ẹni tó bá rán ọrùn aṣọ ọba pa lọ́jọ́ ìwúyè ni yóò wà lórí àga títí tí ọba yẹn yóò fi kú. Gbogbo ilé ń retí pé Ìyá Àga, tó ti rán ti ọba méjì, yóò yan ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ó pè wọ́n jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fúnra òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, gẹ́gẹ́ bí òun ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Máwẹ̀yìn wo ọ̀rọ̀ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ọba tuntun kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, eyín rẹ̀ pé, ó ń gun ẹṣin láì dọ́wọ́ ti gàárì. Òun ti lé lógójì. Bí ilẹ̀kùn yìí bá padé, inú sàréè ni òun yóò ti gbọ́ nígbà tí wọ́n bá tún un ṣí.

Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá tó tọ́ ọ dàgbà pé wọ́n á fi ọwọ́ náà ṣe ire.

*

Ọkùnrin kan wà létí odò tí wọ́n ń pè ní Atukọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò pé èrò nìkan ló ń kó sọdá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé àárín odò ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ inú, ní ọ̀sán gangan, nítorí ó ní ilẹ̀ létí, ewé létí, omi ni kò ní.

Nígbà tí òun àti Máwẹ̀yìn dé ibi tí omi ti jìn, ó gbé àjẹ̀ sókè. Ọkọ̀ náà dúró gbọin, bẹ́ẹ̀ omi ń ṣàn.

“Kí lo fẹ́?” ó bi í.

Máwẹ̀yìn ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n bá ti rán ọrùn aṣọ pa tán, ọba yóò béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ló rán aṣọ yìí, ẹni tó rán an yóò sì dáhùn pé òun ni. Ìdáhùn yẹn ló ń fi ènìyàn sórí àga. Ẹnu tí kò bá lè dáhùn, àga ti kọ̀ ọ́.

“O fẹ́ kó kú nìyẹn.”

“Mi ò fẹ́ kó kú,” ni Máwẹ̀yìn wí. “Ẹnu rẹ̀ ni kó kú.”

Atukọ̀ gbé àjẹ̀ lé orí itan. Ó béèrè iṣẹ́ tí ẹnu obìnrin náà ń ṣe lójúmọ́ yàtọ̀ sí oúnjẹ àti ọ̀rọ̀. Máwẹ̀yìn ní ó ń fi itọ́ rin òwú kó tó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì ń fi eyín gé e bó bá rán an tán, gẹ́gẹ́ bí gbogbo aránṣọ. Ó tún sọ fún un pé ìdì òwú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rán ọrùn aṣọ ọba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé inú àpótí ni wọ́n ń tì í mọ́, pé ẹlòmíì kì í fọwọ́ kàn án.

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní ṣé àwọn fúnra wọn ló wá sọ òwú di oúnjẹ báyìí. Ó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, ó mú ìkarahun ìgbín kan jáde. Ohun kan tó dà bí oje igi wà nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn.

“Ẹnu tó bá kọ́kọ́ kan òwú náà ni yóò mú,” ó wí. “Kì í yan ẹnu. Kì í sì í gbé inú ẹnu méjì lẹ́ẹ̀kan náà.”

Nígbà tó béèrè ohun tí yóò gbà, Máwẹ̀yìn ti múra sílẹ̀ fún ohun tó le. Ṣùgbọ́n orúkọ ló béèrè, orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é kó tó kú. Ó ní òun fẹ́ kó di ti òun. Ó jọ Máwẹ̀yìn lójú bí ohun ọ̀fẹ́. Ènìyàn méjì péré ló kù láyé tó mọ orúkọ náà, Ìyá Àga àti Ẹlẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọkùnrin náà, ó sọ ọ́ sí i létí.

Bí ọkọ̀ ti ń padà sí èbúté, ó gbìyànjú láti rántí orúkọ náà. Ó ń wá a káàkiri inú ara rẹ̀ bí ahọ́n ṣe ń wá eyín tó ti yọ.

*

Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, àwọn aránṣọ lọ fọwọ́ lẹ́bàá kànga kí òógùn má baà ba aṣọ jẹ́. Máwẹ̀yìn ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó dúró sílé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lábẹ́ tìmùtìmù àga, níbi tó ti mọ̀ pé ó wà láti ọdún mọ́kànlá.

Ó ṣí àpótí. Òwú náà funfun, ó sùn sínú aṣọ àlà bí ọmọ tuntun. Ó fi ìka fa oje inú ìkarahun, ó fi í pa òwú náà láti etí dé etí, ó ń yí i, ó ń fi sùúrù ṣe é, bí ó ti máa ń fi sùúrù ṣe gbogbo iṣẹ́. Oje náà wọ inú òwú lọ, kò sì fi àpẹẹrẹ kan sílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Síbẹ̀ aṣọ ìkélé mì. Àlùmọ́gàjí tó wà lórí ẹní ẹnìkan ya ẹnu gbàgà. Máwẹ̀yìn yíjú, ó sì rí ìrọ̀rí kékeré tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí. Nígbà tó wọlé, abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn kọ orí sí ibi tó wu kálukú wọn. Nísinsìnyí, gbogbo wọn ló kọ orí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó pa àpótí dé. Ó gbá àlùmọ́gàjí náà lẹ́nu pa. Nígbà tí àwọn yòókù fi wọlé, ó ti ń ṣẹ́ etí aṣọ kan, ó sì bi wọ́n bóyá omi kànga tutù lónìí.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àga wọ ẹ̀yìn ìkélé. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló ń bá a wọ ibẹ̀, wọ́n ní ó ń fẹ́ ìyá rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Máwẹ̀yìn jókòó síta, ojú rẹ̀ wà lára iṣẹ́, etí rẹ̀ wà lára aṣọ ìkélé. Ó ti ronú bí yóò ṣe sáré, bí yóò ṣe ju aṣọ sílẹ̀, bí yóò ṣe ké.

Ẹlẹ́rìn-ín ń sọ ìtàn ẹ̀ṣọ́ ààfin kan tó wọ bàtà ìyàwó rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ẹ̀rín ti gbà á kó tó dé ibi tí ìtàn dùn. Àwọn aránṣọ tó wà níta náà ti ń rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹnu ṣe nǹkan mìíràn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà sì já.

Ohun kan ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Àga gba gbogbo ilé, ó ń pe ọmọ rẹ̀.

Máwẹ̀yìn ti dìde pẹ̀lú ojú ẹkún tó ti múra sílẹ̀. Ohùn tó yẹ kó kú ló ń ké yìí.

Ó ká aṣọ ìkélé. Ẹlẹ́rìn-ín wà nílẹ̀, ọwọ́ kan lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jáde níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ọrùn aṣọ ọba wà lórí itan rẹ̀. Ìyá Àga wà lórí eékún, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì táálẹ̀ kiri, ó ń wá ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń wá a sí.

Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun. Síbẹ̀ Ìyá Àga ṣàlàyé, nígbà tí wọ́n ti gbé ọmọ náà sórí ẹní. Ó ti lé lọ́dún kan tí òun ti ríran kẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òun ló ń rán gbogbo ohun tí wọ́n rò pé ìyá rẹ̀ ń rán. Wọ́n fi í pa mọ́ kí ilé má baà dàrú, wọ́n ń dúró de ọjọ́ ìwúyè, kí ọba béèrè, kí Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sínú Máwẹ̀yìn kì í ṣe àánú. Ìbínú ni. Wọ́n ti pín àga lẹ́yìn òun. Ọdún kan gbáko ni òun fi jókòó ní ìwọ̀n apá méjì sí obìnrin yìí, tí òun ń wo àga, tí òun kò sì wo ojú ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Ohun kejì tó wá sínú rẹ̀ mú kó rọra jókòó. Ìyá kò ríran. Ọmọ kò lè sọ̀rọ̀. Ta ló wá kù?

*

Wọ́n yàn án ní ọjọ́ kẹta. Níwájú gbogbo ilé, Ìyá Àga ní kò sí ọwọ́ mìíràn tí òun lè gbé iṣẹ́ náà lé, Máwẹ̀yìn ni yóò rán ọrùn aṣọ náà pa lọ́jọ́ ìwúyè, lẹ́yìn tí Ẹlẹ́rìn-ín bá ti rán ìyókù rẹ̀ tán. Àwọn obìnrin náà kí i kú oríire láì wò ó lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló padà sí odò. Ẹ̀rù ló gbé e lọ, nítorí ó ti rántí pé ìdì òwú kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi parí ọrùn aṣọ. Ẹnu tirẹ̀ ni yóò rin ín. Eyín tirẹ̀ ni yóò gé e.

Ní àárín omi, Atukọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Bí Máwẹ̀yìn bá jẹ́wọ́ lójú ẹni tó mú, tó sì dáná sun òwú náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti fi rán, àsàsí náà parí láyé. Bó bá fi ẹnu òfìfo kan òwú náà, àsàsí náà yóò fi ẹnu ọmọ yẹn sílẹ̀, yóò wá bá ẹni tó rán an níṣẹ́.

“Ìkẹta ńkọ́?” ni Máwẹ̀yìn béèrè.

Ọkùnrin náà mú ewé dúdú kan jáde, kò tóbi ju èékánná lọ. “Ẹ̀rọ̀ nìyí. Fi í sábẹ́ ahọ́n. Àsàsí náà yóò dé, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, yóò sì padà síbi tó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní jáde níbẹ̀ mọ́ láé. Ọmọ yẹn kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí yóò fi kú.” Ó fi kún un pé kó má gbé e mì o, nítorí ọ̀fun ẹni tó bá gbé e mì yóò tì pa.

Máwẹ̀yìn béèrè ohun tí yóò gbà lọ́tẹ̀ yìí.

“Ọ̀fẹ́ ni,” ni Atukọ̀ wí. “Kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ tí mo fẹ́.”

Wọn kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà sí èbúté tí ewé náà fi wà nínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

*

Ìyá Àga náà kò káwọ́ gbera. Ó ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí àgbàlagbà kan, arúgbó tó gba ìdajì ìlú náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wáyé. Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé, kò gbé àpò, kò gbé ọ̀pá. Ó wo inú ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín. Ó gbóòórùn ìdì òwú láì fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó rìn yí ẹní àwọn aránṣọ ká, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n nípa ọmọ, ó ń bi wọ́n nípa ìyá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Máwẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi aṣọ nu ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì kọjá.

Òun àti Ìyá Àga ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Máwẹ̀yìn fi etí lé ògiri. Ọ̀rọ̀ wọn ń já bọ́ ní èérún. Ó gbọ́ tí agbẹ̀bí ní kò yẹ kí wọ́n dá a padà, pé yóò mọ ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ “omi.” Ó gbọ́ “má fipá mú un.” Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹkún bo gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkòkò kékeré kan wà lórí pẹpẹ Ìyá Àga, omi kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Máwẹ̀yìn dúró títí ilé fi dá, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ìkòkò náà, ó fọ́ yángá. Omi náà dà sílẹ̀, kò tàn kálẹ̀ bí omi. Ó kóra jọ, ó tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń dán.

Ní ìyálẹ̀ta, ó padà wọ yàrá náà. Ìkòkò wà lórí pẹpẹ. Ó kún dé ẹnu.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń yẹra fún Ìyá Àga. Ìyá náà ránṣẹ́ sí i pé kó wá jókòó ti òun ní àárọ̀ mẹ́ta, kí òun sọ iṣẹ́ inú yàrá ìwúyè fún un, nítorí kò sí aránṣọ mìíràn tó mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Máwẹ̀yìn rò pé wọ́n fẹ́ dẹ ẹ́ ni. Ó ránṣẹ́ padà pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó ṣáájú ìwúyè, ìyá náà fọwọ́ tá ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ó yíjú sí i, ètè rẹ̀ sì mì. Kò sí ohùn kankan. Ètè náà tún mì, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọdé lójú oorun, ó sì dúró, ó ń retí kí ẹnìkan jẹ́ ẹ. Orúkọ tí Máwẹ̀yìn fún Atukọ̀ ni ìyá náà ń pè, kò sì lè wọ Máwẹ̀yìn létí mọ́.

“Ẹ lọ sinmi, Ìyá,” ló wí.

Omi bọ́ lójú tí kò ríran náà. “Bí nǹkan kan bá wà tó o fẹ́ sọ fún mi, ọmọ mi, sọ ọ́ lónìí. Màá sun òwú yẹn fúnra mi. Màá sọ fún wọn pé ojú mi ló ṣì mí lọ́nà. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ orúkọ ẹ níbẹ̀.”

Níta, ẹnìkan ń fa omi ní kànga, okùn ń dún. Máwẹ̀yìn wo irun funfun tó wà níwájú rẹ̀, àti ẹ̀yìn tó gbé e wá síbí nígbà kan. Lẹ́yìn náà ó wo àga.

“Kò sí nǹkan kan,” ó dáhùn.

*

Àárọ̀ ìwúyè mọ́ kedere. Yàrá ìwúyè kéré, kò ní ju fèrèsé kan lọ. Ọba wà níbẹ̀ nínú aṣọ tuntun, ó ń làágùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí, ó sì ń fi ohùn kékeré béèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà kò ní gún òun lọ́rùn. Ìjòyè méjì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àga wà níbẹ̀, àti Ẹlẹ́rìn-ín tó gbé abọ́ funfun kan dání.

Ewé náà wà lábẹ́ ahọ́n Máwẹ̀yìn láti ìdájí. Ó korò. Ó fún un ní ìgboyà.

Ó nawọ́ fún abẹ́rẹ́. Ìyá Àga kò fi í fún un.

“Kí ẹnu tó kan òwú ọba,” ni ìyá náà wí, “omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyẹn, ní gbogbo àárọ̀ mẹ́ta tí o kò wá.”

Ó bu omi inú ìkòkò kékeré náà sínú ife, ó nà án sí i. Àwọn ìjòyè ń wò. Ọba ń wò. Máwẹ̀yìn gba omi náà sẹ́nu, ó sì bá a pé omi yìí mọ ibi tó ń lọ. Ó wọ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ bí ìka ọwọ́, ó ṣí ewé náà nídìí. Ewé ń léfòó nínú ẹnu rẹ̀. Bó bá gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ tì. Ó tẹrí ba, ó tu gbogbo rẹ̀ sínú abọ́.

Ewé dúdú náà dúró lórí omi nínú abọ́ funfun.

Ẹlẹ́rìn-ín rí i. Ó gbé ojú sókè, ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tò jọ lójú ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá tú aṣọ tí wọ́n sì rí bí wọ́n ti rán an. Ìjòyè kan na ọrùn láti wo inú abọ́. Bí ó bá rí ewé náà, orí Máwẹ̀yìn kò ní sùn lọ́rùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlẹ́rìn-ín rọra ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú omi, ó fi bo ewé náà mọ́lẹ̀.

Máwẹ̀yìn rí ohun tó ṣe. Ohun tó wá sínú rẹ̀ ni pé òmùgọ̀ ni ọmọ yìí, òmùgọ̀ ló sì jẹ́ láti kékeré.

Ó ṣì lè jẹ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Yóò pàdánù àga, kò ní pàdánù ohùn. Ó gba abẹ́rẹ́, ó gba òwú. Ó gbìyànjú láti kì í bọ abẹ́rẹ́ ní gbígbẹ. Orí òwú là sí méjì. Ó fi ìka lọ́ ọ, ó tún là. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọba mí kanlẹ̀, ìjòyè kan sì béèrè bóyá kò sí ẹlòmíì.

Kò sí ẹlòmíì. Kò gbọdọ̀ sí. Bóyá oje náà ti gbẹ. Bóyá Atukọ̀ purọ́. Òun ṣáà gbọ́dọ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ méjì kó tó mú òun, ọ̀rọ̀ méjì péré.

Máwẹ̀yìn fi òwú náà sẹ́nu.

Ó wọ ojú abẹ́rẹ́ wéré. Ó rán ọrùn aṣọ náà pa, ó rán an dáadáa, kò gún ọba. Ó tẹrí sún mọ́ ọrùn tí ẹlòmíì kì í sún mọ́, ó fi eyín gé òwú náà, ó sì kúnlẹ̀.

“Ta ló rán aṣọ yìí?” ni ọba béèrè.

Máwẹ̀yìn la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Eyín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá kó gbogbo ẹrù inú ilé jáde tí wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

“Ta ló rán aṣọ yìí?”

Ó ń ti ọ̀rọ̀ méjì náà láti inú ikùn, iṣan ọrùn rẹ̀ ń le. Kò sí ohun tó jáde, kò tilẹ̀ sí afẹ́fẹ́.

“Ta ló rán aṣọ yìí?”

“Èmi ni.”

Ohùn náà gbẹ, ó ń ha, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yìn Máwẹ̀yìn ló ti wá. Ẹlẹ́rìn-ín dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ẹnu ń ya òun fúnra rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Òótọ́ ló sì sọ. Yàtọ̀ sí ibi kan ṣoṣo níwájú ọrùn, òun ló rán an.

Ìyá Àga fọwọ́ bo ojú.

*

Wọn kò lé Máwẹ̀yìn. Ẹlẹ́rìn-ín ni kò gbà. Ó sọ fún gbogbo ilé pé àìsàn tó mú òun ló tún mú ẹ̀gbọ́n òun, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún un ní ẹní kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń tú aṣọ àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó lè tú aṣọ láì ya á bíi tirẹ̀.

Láràárọ̀ ni Ìyá Àga tuntun ń gbé oúnjẹ wá fún un fúnra rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kí i pé ṣé wọ́n sùn dáadáa, ó sì máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàfin fún un. Kì í rẹ́rìn-ín tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó máa ń dúró kí àwàdà parí ná. Máwẹ̀yìn á mi orí, á gba abọ́. Kò sẹ́ni tó tíì rí i kó sunkún, ẹni tó bá sì rò pé ìrònúpìwàdà ló mú un dákẹ́, ó gbàgbé ohun tó mú un dákẹ́.

Ní ọdún kejì, nígbà òtútù, ọba wá wọn aṣọ. Bó ti ń jáde lọ, ó wú ikọ́. Ó dúró, ó tún wú u, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ẹnu.

Àwọn aránṣọ gbé orí sókè, wọ́n ń wo ara wọn. Máwẹ̀yìn ń wo àga.